Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Tẹ́ Ásífáàtì Síwájú Ilé? Àgbéyẹ̀wò Ojú Ọjọ́, Ilẹ̀ àti Omi

Bí ẹni tó ń kọ́lé bá béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ títì pé àsìkò wo ló dára jù láti tẹ́ ásífáàtì sí ọ̀nà ọkọ̀ inú ọgbà rẹ̀, ìdáhùn tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdáhùn náà tọ̀nà, àmọ́ kò kún tó. Ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, ibi tí iṣẹ́ bá sì bọ́ sí nínú rẹ̀ lè sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ọmọ yóò bá níbẹ̀ tàbí iṣẹ́ tí onílé yóò tún ṣe kí ọdún kẹta tó pé. Àwọn ọgbà kan wà tí wọ́n tẹ́ ní àárín gbùngbùn ẹ̀ẹ̀rùn tó ti sán kí òjò ọdún kejì tó dá, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n tẹ́ nígbà tí òjò ti ń ṣú, tí ojú wọn ṣì ń dán títí dòní. Omi tó wà nínú ilẹ̀ lábẹ́ wọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Oòrùn ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Èyí ni mo fẹ́ kí onílé mọ̀ kó tó fa owó yọ, nítorí ásífáàtì kì í ṣe iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú.

Kí a tó sọ̀rọ̀ oṣù àti ọjọ́, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí a fẹ́ tẹ́ gan-an. Tí a bá wọn ọgọ́rùn-ún kílò ásífáàtì, nǹkan bíi kílò 95 nínú rẹ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn àti lẹ́búlẹ́bú òkúta. Kílò márùn-ún péré, tàbí díẹ̀ sí i, ni ọ̀dà dúdú. Ọ̀dà díẹ̀ yìí ló ń so gbogbo òkúta náà pọ̀, kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ àyàfi tó bá yọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú òkúta gbóná, tí wọ́n ń yọ́ ọ̀dà, tí wọ́n sì ń pò wọ́n pọ̀ nílé iṣẹ́ ásífáàtì ní ooru tó tó 150 sí 165°C. Láti ìgbà tó bá ti jáde níbẹ̀ ló ti ń tutù. Wọ́n á fi tapólì bò ó lórí típà, ọkọ̀ á gbéra, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá sì wà lọ́nà, ooru ń lọ ní tirẹ̀.

Rólà ló ni iṣẹ́ tó kù. Ó gbọ́dọ̀ tẹ ásífáàtì mọ́lẹ̀ nígbà tí ọ̀dà inú rẹ̀ ṣì rọ̀, kí òkúta lè sún mọ́ òkúta. Tí ooru rẹ̀ bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 80°C, rólà lè máa lọ kó máa bọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, òkúta kò ní sún mọ́ra mọ́. Àlàfo tó bá ṣẹ́ kù láàárín wọn ni afẹ́fẹ́ àti omi yóò máa gbà wọlé. Àwọn ẹnjinníà títì ní òdiwọ̀n kan tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò èyí: tí àlàfo náà bá ti kọjá ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá kọ̀ọ̀kan tó bá tún lé sí i ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ọjọ́ ayé títì náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọ̀nà tó ń ṣí òkúta lójú kí ọdún tó yípo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé rólà ló pẹ́ kó tó dé orí rẹ̀.

Ojú ọjọ́ ń wọ ọ̀rọ̀ yìí nípa bó ṣe ń jí ooru lọ. Ilẹ̀ tútù ń fà á láti ìsàlẹ̀, atẹ́gùn ń gbé e lọ láti òkè, òjò tó bá sì kán sí i ń di èéfín omi, èéfín náà á sì gbé ooru lọ kíákíá ju atẹ́gùn lọ. Ásífáàtì tó nípọn ń pa ooru mọ́ pẹ́ ju èyí tó fẹ́lẹ́ lọ: tí a bá sọ ìnípọn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, àkókò tí rólà ní láti fi ṣiṣẹ́ ń ju ìlọ́po méjì lọ. Títì márosẹ̀ lè gba ìpele tó nípọn, ṣùgbọ́n ti inú ọgbà sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ńtímítà mẹ́rin sí márùn-ún péré. Ó ní igun, ó fara kan ògiri, ó ní ibi tí rólà ńlá kò lè dé, tó jẹ́ pé rólà kékeré tàbí ẹ̀rọ ìgúnlẹ̀ ni wọ́n á fi ṣe é. Iṣẹ́ kékeré yìí ló nílò ọjọ́ tó dára ju títì ńlá lọ. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ onílé gbà pé nítorí pé ó kéré, ọjọ́ kọ́jọ́ ni wọ́n lè pe oníṣẹ́ wá ṣe é.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé nílùú òtútù mọ apá kan ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dì nígbà òtútù, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń po ásífáàtì ń paná, wọn kì í sì í dá a padà títí ìgbà ìrúwé. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe níbẹ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ti tó 10°C, kó sì máa lọ sókè, kí wọ́n tó tẹ́ ìpele tó fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá wo ìlànà yìí nìkan yóò rò pé gbàrà tí oòrùn oṣù kẹrin bá ti ràn ni kí òun pe agbaṣẹ́ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó dì nínú ilẹ̀ ń yọ́ láti òkè lọ sísàlẹ̀. Apá òkè á ti di ẹrẹ̀ nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ṣì le gbagidi, omi náà kò sì ní ríbi gbà lọ. Ilẹ̀ ń rọ̀ nígbà náà débi pé ìjọba Minnesota ń dín ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbé lórí ọ̀pọ̀ títì kù ní gbogbo ìgbà ìrúwé. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ọkàn lè balẹ̀ níbẹ̀: omi ti fà lọ, òru kò tutù, ásífáàtì sì ń fún rólà láyè. Ní Houston, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, òtútù kì í dá iṣẹ́ dúró pẹ́; òjò líle àti ìjì tó ń ti ojú òkun wá láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òjò lè rọ̀ nínú oṣù kóṣù, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn kankan tí èèyàn lè gbára lé. Oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ló dára jù, nítorí ilẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ojúmọ́ sì gùn. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kí àwọn èèyàn wa tó nílé níbẹ̀ fi sọ́kàn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2008, ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tí omi kò lè gbà kọjá bo ibi tó ju mítà márùn-ún níbùú lóròó lọ níwájú ilé rẹ̀ ní England gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìkọ́lé, àyàfi tó bá ṣe ọ̀nà tí omi òjò yóò fi ṣàn sínú ilẹ̀ tó lè mu ún nínú ọgbà rẹ̀. Ìkejì ni ti àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn pé ásífáàtì ṣẹ́ kù níṣẹ́ àwọn ládùúgbò, kí ẹ wá rà á ní ẹ̀dínwó. Ohun tí mo ṣàlàyé nípa ooru lókè yìí ti tó láti lé wọn lọ: ásífáàtì tó ti dúró lórí ọkọ̀ láti àárọ̀, tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ sórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò múra rẹ̀ sílẹ̀, kò ní dé ọdún kejì. Ẹ má ṣe ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Nílé, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà yàtọ̀. Kò sí òwúrọ̀ ọyẹ́ kan ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo tó tutù débi tí yóò dá ásífáàtì dúró. Ooru ọ̀sán wa, tó ń lé ní 30°C lọ́pọ̀ oṣù, ń bá rólà ṣiṣẹ́ ni. Omi ni ọ̀tá wa. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, á máa le sí i títí dé oṣù kẹfà àti oṣù keje, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, kí àrọ̀kúrò tó kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ bí oṣù kọkànlá bá wọlé. Ní Èkó, omi òjò ọdún kan sábà máa ń lé ní 1,500 mílímítà; ti Ìbàdàn kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń lé ní ẹgbẹ̀rún kan dáadáa. Gbogbo omi yìí ló ń wá ibi tí yóò gbà, ọgbà tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ásífáàtì sí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibẹ̀.

Òjò tó bá ká iṣẹ́ mọ́ ojú ọ̀nà ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, kò sì burú tó bí wọ́n ṣe rò. Bí rólà bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, òjò tó bá rọ̀ lẹ́yìn náà kò ní bà á jẹ́. Ńṣe ni yóò tètè mú un tutù. Èyí tó rọ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹ lọ́wọ́ ló léwu, nítorí rólà kò ní bá ooru níbẹ̀ mọ́, omi yóò sì há sábẹ́ rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó mọṣẹ́ kì í bá òjò sáré. Tó bá rí i pé ó ń ṣú, á fi tapólì bo típà, á dúró, nítorí ásífáàtì tó kún típà lè pa ooru mọ́ fún wákàtí díẹ̀. Bí òjò bá pẹ́ jù, ẹrù náà ti ṣòfò nìyẹn. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí èyí wà nínú ìwé àdéhùn kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ kankan jáde. Ibi tí àdéhùn kò bá ti sọ ọ́, kọngílá yóò fẹ́ tẹ́ ẹ sínú òjò kí owó rẹ̀ má bàa ṣòfò, onílé tí kò mọ̀ yóò sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó forítì í.

Omi tó wà nínú ilẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ láìpariwo. Ásífáàtì fúnra rẹ̀ kò lágbára láti gbé ọkọ̀. Ilẹ̀ àti òkúta tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e. Ilẹ̀ tó mu omi yó ń fà sẹ́yìn lábẹ́ táyà, á tún dìde, ásífáàtì orí rẹ̀ á sì máa tẹ̀, á máa nà, títí yóò fi sán. Bí ó bá ti sán, omi tuntun rí ọ̀nà wọlé, ihò kékeré á di kòtò. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n kí ọ̀ràn tó bàjẹ́: kí wọ́n gbé típà tó kún fún ẹrù wá sórí òkúta tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí èèyàn máa wo ẹ̀yìn táyà rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń tẹ̀ tó sì ń dìde bíi tìmùtìmù, kò tíì tó tẹ́, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìparí ọdún ni. Ibi tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ náà kúrò, kí wọ́n fi yangí gbígbẹ tàbí òkúta rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì tún un tẹ̀. Mi ò mọ ìdánwò mìíràn tó rọrùn tó sì ń sọ òótọ́ tó yìí, ó sì yẹ kí onílé dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é.

Nítorí omi inú ilẹ̀ yìí ni mo ṣe kọ̀ láti fọwọ́ sí ìsinmi òjò oṣù kẹjọ. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Oòrùn ń yọ, ọjọ́ bíi mélòó kan lè kọjá láìsí ẹ̀kán òjò, ojú ilẹ̀ á gbẹ á sì funfun. Ṣùgbọ́n omi oṣù kẹfà àti oṣù keje ṣì wà ní ìsàlẹ̀, kò sì jìnnà sí òkè. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà dé orúnkún, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ásífáàtì tí wọ́n bá tẹ́ sí i nígbà yẹn yóò dé e mọ́lẹ̀ kó má lè fà jáde sínú oòrùn, òjò oṣù kẹsàn-án yóò sì tún bá a níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ka ohun tí mo kọ nípa ìgbà ìrúwé ní Minnesota yóò rí i pé ọ̀fìn kan náà ni: ojú ọjọ́ dára, ilẹ̀ kò dára. Ẹ lè lo ìsinmi oṣù kẹjọ láti fi dí ihò tàbí láti fi ṣe gọ́tà. Kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà ní ìṣòro tirẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í sábà sọ ọ́. Yangí, ilẹ̀ pupa tí à ń lò fún ìpìlẹ̀ títì jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, nílò omi díẹ̀ kó tó lè dì mọ́ra. Tó bá gbẹ jù, rólà yóò kàn máa gùn ún, eruku á máa sọ, hóró kò ní wọ inú hóró. Tó bá tutù jù, ó di ẹrẹ̀. Ìwọ̀n tó yẹ wà láàárín, àwọn tó ń ṣe ìdánwò ilẹ̀ sì lè wọ̀n ọ́n. Oníṣẹ́ àtijọ́ máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un, bó bá dì mọ́ra láìfi omi sí àtẹ́lẹwọ́ òun, ó ti tó. Ní oṣù kọkànlá, lẹ́yìn àrọ̀kúrò, ilẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ ìwọ̀n yìí fúnra rẹ̀. Ní oṣù kejì, tánkà omi ni wọ́n á máa fi wọ́n ọn, owó omi sì wọ́n, kọngílá tó bá fẹ́ dín ìnáwó kù yóò wọ́n omi tó kàn rin ojú ilẹ̀ lásán. Èrò mi ni pé kí a pín iṣẹ́ náà sí méjì: kí wọ́n wa ilẹ̀, kí wọ́n ṣe gọ́tà, kí wọ́n kó yangí àti òkúta sí i, kí wọ́n sì fi rólà tẹ̀ ẹ́ láàárín oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí ọkọ̀ inú ilé máa gun orí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ibi tó bá fẹ́ rì ti rì. Kí ásífáàtì tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní tàbí oṣù kejì. Ọ̀pọ̀ onílé kì í fẹ́ gbọ́ èyí, nítorí wọ́n fẹ́ kó parí lẹ́ẹ̀kan náà, kọngílá náà kì í fẹ́ kó ẹ̀rọ rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, mi ò rí ètò mìíràn tó bá ilẹ̀ wa mu tó báyìí.

Ohun tó kù nínú oṣù kìíní ni eruku ọyẹ́. Kí ásífáàtì tó dé, wọ́n máa ń fọ́n ọ̀dà tí wọ́n fi kẹrosíìnì là sórí òkúta ìpìlẹ̀, kí ó lè wọ inú rẹ̀ kó sì di ìpele òkè mú. Ó nílò ọjọ́ kan ó kéré tán, nígbà mìíràn méjì, kó tó fà wọlé kó sì gbẹ. Nígbà òjò, ẹ̀kán òjò àìròtẹ́lẹ̀ kan lè fọ gbogbo rẹ̀ lọ sínú gọ́tà aládùúgbò. Nígbà ọyẹ́, eruku ló ń bà lé e, ásífáàtì tí wọ́n bá sì tẹ́ sórí eruku yóò ṣí kúrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí táyà bá yí lórí rẹ̀. Kò nira láti ṣẹ́gun: kí wọ́n gbá a, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ láàárín ọ̀dà àti ásífáàtì.

Gbogbo èyí bá Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti Èkìtì mu, níbi tí ilẹ̀ ga tí omi sì ń wá ibi rírẹlẹ̀ lọ. Ní Lẹ́kkí, ní Ajah àti ní àwọn etí ọ̀sà mìíràn, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà sí òkè ní oṣù kóṣù. Oṣù kìíní yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ kò ní tán ìṣòro wọn. Ohun tí ibẹ̀ ń béèrè ni kí wọ́n fi yanrìn gbé ilẹ̀ ga, kí wọ́n sì ṣe gọ́tà tó ń ṣàn dé ibìkan ní tòótọ́. Níbi tí èyí kò bá ti ṣeé ṣe, mo rò pé kí onílé fi ásífáàtì sílẹ̀, kó lo íntálọ́ọ̀kì, èyí tí wọ́n lè tú kí wọ́n sì tún tò nígbà tí ilẹ̀ bá rì. Kọnkéré náà ní àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà tí David Umahi ti di mínísítà fún iṣẹ́ òde ní 2023 ló ti ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn títì ìjọba àpapọ̀, agbára tó ní láti fara da omi sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbè é. Fún ọgbà ilé, owó ibẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè ga.

Owó ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ọ̀dà wà nínú ilẹ̀ wa. Ó wà ní Agbábú ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní àgbègbè tó na láti Ògùn dé Ẹdó, ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation sì ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá a láti nǹkan bí ọdún 1908 kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dá iṣẹ́ náà dúró ní 1914. Síbẹ̀, láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èyí tí à ń lò lónìí ti ń wá, owó rẹ̀ sì ń bá dọ́là lọ sókè. Ásífáàtì tó bàjẹ́ nítorí pé wọ́n kù gìrì tẹ́ ẹ jẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè tí a dà sínú ẹrẹ̀.

Ìkánjú náà sì ní oṣù tirẹ̀. Bí oṣù kejìlá bá ti wọlé, àwọn ará òkè òkun ń bọ̀ wálé, ìgbéyàwó àti ìsìnkú pọ̀, gbogbo èèyàn fẹ́ kí iwájú ilé dán kí àlejò tó dé. Ilé iṣẹ́ ásífáàtì á kún, típà á tò, kọngílá kan á gba iṣẹ́ ọgbà mẹ́ta fún ọjọ́ kan. Èyí tó bá kàn kẹ́yìn nínú wọn ni yóò gba ásífáàtì tó ti tutù ní ìrọ̀lẹ́. Ojú ọjọ́ dára púpọ̀ ní oṣù kejìlá, ìwà àwa èèyàn ló ń sọ ọ́ di oṣù tí kò dára. Bí àyè bá wà láti sún un sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní, ẹ sún un. Owó lè dín, oníṣẹ́ á sì ráyè. Kí èèyàn sì ní tẹ̀mómítà tó ń wọn ooru ásífáàtì lórí típà. Nǹkan kékeré ni, kọngílá tó bá mọ̀ pé onílé yóò wọ̀n ọ́n kò ní gbé èyí tó ti kú wá.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ́ ẹ tán, oòrùn tó ràn wá lọ́wọ́ tún di ohun tí a ní láti ṣọ́. Lọ́sàn-án oṣù kejì, ojú ásífáàtì dúdú lè gbóná tó 60°C, èyí tuntun sì ṣì rọ̀. Kí ọkọ̀ má gùn ún kó tó pé ọjọ́ kan. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ló tilẹ̀ dára jù nígbà ooru. Kí ẹnikẹ́ni má yí ọwọ́ ọkọ̀ nígbà tí táyà bá dúró sójú kan. Ẹsẹ̀ àga, ẹsẹ̀ àkàbà àti jáàkì yóò fi ihò sí i, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe àríyá lórí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kó wá pákó sábẹ́ àga. Jẹnẹrétọ̀ ni kó wà lórí kọnkéré títí láé, nítorí dísù àti bẹntiróò ń yọ́ ọ̀dà. Ibi tí dísù bá ń kán sí lójoojúmọ́ yóò di òkúta lásán tí kò ní ohun tó dì í mú.

Àwọn aláṣẹ wa náà máa ń sọ fún aráàlú lọ́dọọdún pé kí wọ́n ní sùúrù títí òjò yóò fi dá kí wọ́n tó tún títì ṣe. Àwọn kan gbà pé àwáwí ni. Lójú tèmi, òótọ́ ni fún ásífáàtì, kì í ṣe òótọ́ fún gọ́tà. Àsìkò òjò gan-an ló yẹ kí wọ́n máa la gọ́tà, kí wọ́n máa kó pàǹtírí kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa wo ibi tí omi ń gbà kọjá, nítorí kò sí àwòrán ẹnjinníà kankan tó ń fi ọ̀nà omi hàn tó òjò fúnra rẹ̀. Títì tí wọ́n bá tẹ́ ní oṣù kejì láìsí gọ́tà yóò bàjẹ́ ní oṣù kẹfà. A ti rí èyí ládùúgbò wa lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, a sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè gọ́tà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fi ásífáàtì dídán tù wá lójú.

Ohun kan náà ni mo ń bẹ onílé pé kó ṣe nínú ọgbà tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ ásífáàtì ní oṣù kìíní tó ń bọ̀, kó má dúró di ìgbà náà. Lọ́jọ́ tí òjò oṣù kẹfà bá rọ̀ dáadáa, kó jáde, kó wo ibi tí omi ń gbà wọ inú ọgbà, ibi tó ń dúró sí, àti iye ọjọ́ tó ń lò kó tó fà. Kó fi èèkàn sàmì sí ibẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì fi han ẹnjinníà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó.